Ta ló ṣe tábìlì ọba Louis kẹẹ̀ẹ́dógún gan-an? Ọ̀rọ̀ Oeben, ìyàwó ẹ̀ àti Riesener

Tábìlì ìkọ̀wé kan wà ní ààfin Versailles ní Faransé, nínú yàrá tí ọba ti máa ń dá ṣiṣẹ́, wọ́n ń pè é ní Bureau du Roi, ìyẹn tábìlì ọba. Ó fẹ̀ tó mítà méjì, díẹ̀ ló kù. Òdòdó ló kún ara ẹ̀, kì í ṣe òdòdó tí wọ́n fi ọ̀dà kùn o, wọn ò sì gbẹ́ ẹ, awẹ́ igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n gé níkọ̀ọ̀kan tí wọ́n tò mọ́ra títí tó fi di ìdì òdòdó, ẹ ò ní mọ ibi tí awẹ́ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ àfi tí ẹ bá sún mọ́ ọn. Orúkọ tó wà lára ẹ̀ ni Riesener, ọdún tó wà lára ẹ̀ ni 1769. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tábìlì yìí sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ torí pé orúkọ kan ṣoṣo yẹn ò sọ òótọ́ tán, àti pé lójú tèmi, ẹni tí tábìlì yẹn ì bá má parí láìsí i, orúkọ ẹ̀ ò sí níbì kankan lára ẹ̀.

Ọdún 1760 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Jean-François Oeben. Ọmọ Jámánì ni, Heinsberg ni wọ́n bí i sí, ìyẹn ò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu torí Párísì ìgbà yẹn kún fún àwọn ọmọ Jámánì àtàwọn ará Flanders tó ń ṣiṣẹ́ igi, àwọn àjèjì yìí wà lára àwọn tó ṣe fọ́níṣọ̀ tí Faransé fi ń yangàn títí dòní. Láti 1754 ni Oeben ti jẹ́ oníṣẹ́ igi ọba. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní Arsenal, ilẹ̀ ọba nìyẹn, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ igi Párísì ò sì lè wá yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu níbẹ̀, bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ wọn ì bá ti dá a dúró torí 1761 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, lẹ́yìn tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọba fún bí ọdún méje. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún ọba pé káfíńtà ẹ̀ ò tíì gba fúrídọ̀mù?

Ohun tó mú Oeben yàtọ̀ ni pé ó mọ igi, ó tún mọ irin. Ó ṣe tábìlì kan fún Madame de Pompadour, olólùfẹ́ ọba, tó wà ní Metropolitan Museum ní New York báyìí, ìkòkò òdòdó ló wà láàárín orí ẹ̀, téèyàn bá sì ń fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀ síwájú, ojú tábìlì náà á máa sún sẹ́yìn fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tábìlì kékeré á di ńlá. Irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ni ọba ń wá. Louis kẹẹ̀ẹ́dógún ní ètò ìkọ̀kọ̀ kan tó fi ń bá àwọn aṣojú ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè kọ̀wé, tí ò fẹ́ kí àwọn minísítà ẹ̀ mọ̀ sí rárá, ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè máa lo tábìlì tí gbogbo ayé lè ṣí. Oeben wá gbé tábìlì oní-ìdérí rogodo kalẹ̀, ìdérí náà máa ń yí wọnú ẹ̀yìn tí wọ́n bá ṣí i, tó bá sì padé, ó padé mọ́ gbogbo bébà tó wà lórí tábìlì láì kó o kúrò. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní. Tí ọba bá yí kọ́kọ́rọ́ yẹn díẹ̀, kò ní yí ká tán o, ìdá kan nínú mẹ́rin péré, ìdérí á ṣí, gbogbo dúrọ́ọ̀ náà á ṣí pọ̀. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni ti yíǹkì: dúrọ́ọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó jẹ́ ti àwọn ìránṣẹ́, wọ́n á ṣí i láti ìta, wọ́n á da yíǹkì tuntun sínú ìgò, wọ́n á tì í padà, wọn ò ní fojú kan ìwé ọba kankan. Ẹni tó ronú kan ibẹ̀ yẹn, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òdòdó yẹn dáadáa. Igi oak ló sábà máa ń jẹ́ egungun irú fọ́níṣọ̀ Párísì yìí, igi tí wọ́n fi ń bo ara ẹ̀ ló gbówó lórí. Amaranth aláwọ̀ àlùkò láti Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní bois de rose, aláwọ̀ rẹ́súrẹ́sú, láti Brazil, wọ́n á fi ayùn là wọ́n sí pẹlẹbẹ tí ò nípọn ju bíi mìlímítà kan sí méjì lọ. Wọ́n á ya òdòdó sórí bébà, wọ́n á wá fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé e jáde lára igi pẹlẹbẹ yẹn, ewé kan lọ́tọ̀, awẹ́ òdòdó kan lọ́tọ̀, igi òdòdó náà lọ́tọ̀, bí wọ́n bá gé e ju bó ṣe yẹ lọ báyìí kò ní wọ àyè ẹ̀ mọ́. Kí òdòdó má baà rí gbẹndẹkẹ bí èyí tí ọmọdé yà, ó gbọ́dọ̀ ní òjìji, yanrìn ni wọ́n sì fi ń ṣe òjìji náà. Wọ́n á gbé yanrìn kaná nínú páànù, tó bá ti gbóná dáadáa wọ́n á fi ẹ̀mú mú awẹ́ igi kékeré náà, wọ́n á ti etí ẹ̀ bọnú yanrìn, etí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á dúdú létí, á máa fẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wọnú, bí ìgbà tí awẹ́ òdòdó bá ká sínú gan-an. Tí ọwọ́ bá pẹ́ jù níbẹ̀, èédú ló dà yẹn, kí wọ́n gé òmíràn. Gúlù tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran sè ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, ní gbígbóná, lẹ́yìn náà wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa iṣan ewé, wọ́n á fi nǹkan dúdú dí ojú ilà náà. Ẹ wá ro iye awẹ́ tó máa wà lára tábìlì tó fẹ̀ tó mítà méjì, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀ náà ní òdòdó bíi ti iwájú torí àárín yàrá ni wọ́n fẹ́ kó dúró sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ńkọ́, torí àwọn èèyàn máa ń ṣìnà níbẹ̀. Àwọn igi funfun bíi holly àti sycamore, wọ́n máa ń pa wọ́n láró ni, búlúù, gíríìnì, yẹ́lò, pupa. Fọ́níṣọ̀ olódòdó wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀bù, àwọ̀ wọn ń ta yọ yẹ́ẹ́rẹ́ ni bí aṣọ ọdún, àwọn mìíràn lè ní ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Oòrùn ló jẹ ẹ́. Tí àwọn tó ń tún irú ẹ̀ ṣe bá ṣí awẹ́ kan tó ti fẹ́ já, tí wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀, tàbí tí wọ́n wo inú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, wọ́n á bá àwọ̀ àtijọ́ yẹn níbẹ̀. Àwọn tó ń ta áńtíìkì fẹ́ràn àwọ̀ búráùn tó kù yìí, wọ́n á ní ọjọ́ orí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, pé ó buyì kún un, àmọ́ ewé tó ti kúrò ní gíríìnì tó di búráùn, ìyà ló jẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ Oeben. January 21, 1763 ló kú. Tábìlì ò tíì parí. Ó kú tán ni gbogbo èèyàn wá rí i pé gbèsè ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba, tó ń ṣiṣẹ́ fún olólùfẹ́ ọba, kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Kò jọ mí lójú púpọ̀ torí àwọn bọ̀rọ̀kìnní Faransé nígbà yẹn, tí wọ́n bá gba ọjà tán, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n ń sanwó, oníṣẹ́ lá ra igi, òun lá ra idẹ, òun lá sanwó àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á wá jókòó máa wo ojú ọlọ́run.

Ibí ni ìyàwó ẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀. Françoise-Marguerite Vandercruse lorúkọ ẹ̀, orúkọ yẹn gùn, Ìyá Victoire ni màá máa pè é, torí ó bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Victoire ní 1758, Victoire yìí ló sì wá bí Eugène Delacroix, ayàwòrán ńlá yẹn, tí Oeben fi di bàbá ìyá Delacroix. Ìyá Victoire kì í ṣe ìyàwó tó kàn jókòó sílé tí ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé oníṣẹ́ igi ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ kan náà ni bàbá ẹ̀ ń ṣe, Roger Vandercruse, arákùnrin ẹ̀, wà lára àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ igi ní Párísì. Simon Oeben, àbúrò ọkọ ẹ̀, fẹ́ arábìnrin ẹ̀. Martin Carlin tóun náà wá di olórúkọ, arábìnrin Oeben lòun náà fẹ́. Agboolé kan ṣoṣo ni, ká má parọ́. Tábìlì Pompadour tí mo sọ lókè yẹn gan-an, òǹtẹ̀ méjì ló wà lára ẹ̀, ti Oeben àti ti Roger àna ẹ̀, ó sì jọ pé Roger ló parí ẹ̀ nígbà tí Oeben kú.

Òfin ẹgbẹ́ oníṣẹ́ igi fún opó ní àyè kan. Tí ọ̀gá bá kú, opó ẹ̀ lè máa darí ṣọ́ọ̀bù lọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀, á sì máa fi òǹtẹ̀ ọkọ ẹ̀ lu ọjà jáde. Ohun tí Ìyá Victoire ṣe nìyẹn láti 1763 títí di 1767, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí fọ́níṣọ̀ tó ní òǹtẹ̀ J.F. OEBEN lára tó jẹ́ pé Oeben ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ rò ó wò: ọkọ kú, ọmọ wà nílẹ̀, àwọn tí ọkọ ẹ̀ jẹ ní gbèsè ń kanlẹ̀kùn, iṣẹ́ ọba tó tóbi jù lọ ní gbogbo Párísì wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tí ò tíì parí, obìnrin yìí ò tú ilé ká, kò ta irinṣẹ́, kò jẹ́ kí iṣẹ́ ọba yẹn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ọmọ iṣẹ́ méjì ló lágbára jù ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Jean-François Leleu, ọmọ Párísì, òun ló dàgbà, ó sì ti fọkàn sí i pé òun ni ilé máa bọ́ sí lọ́wọ́ tí ọ̀gá ò bá sí. Èkejì ni Jean-Henri Riesener, ọmọ Jámánì bíi ti Oeben, Gladbeck ni wọ́n bí i sí ní 1734. Riesener ni Ìyá Victoire mú. Inú bí Leleu, òun àti Riesener di ọ̀tá, ó bá tiẹ̀ lọ, ó gba fúrídọ̀mù ní 1764, ó sì ṣe dáadáa láyè ara ẹ̀ o, ẹ má rò pé ó parẹ́. Àmọ́ ẹ wo ibi tó kàn mí: Riesener ò gba fúrídọ̀mù títí di January 1768. Láti 1763 dé ìgbà yẹn, lójú ẹgbẹ́ oníṣẹ́, Riesener ò ní òǹtẹ̀, kò ní orúkọ, ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ opó ọ̀gá ẹ̀ ni. Ní 1767 ó fẹ́ opó náà. Nílé wa àwọn kan á yínmú sí i, ọmọ iṣẹ́ tó gbé ìyàwó ọ̀gá, àmọ́ ní Párísì ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tuntun, ọ̀nà tó yá jù láti di ọ̀gá ni, ẹni tó bá fẹ́ opó ọ̀gá, ṣọ́ọ̀bù àti kọsítọ́mà ló bá a wá. Bóyá ìfẹ́ wà níbẹ̀, bóyá kò sí, wọn ò fi ìyẹn sínú ìwé. Ọdún tó tẹ̀ lé ti ìgbéyàwó yẹn ni fúrídọ̀mù dé.

1769 ni wọ́n gbé tábìlì dé Versailles, ọdún kẹsàn-án tí ọba ti bẹ̀ ẹ́. Owó ẹ̀ lé ní 62,000 livre, ìyẹn owó Faransé ìgbà yẹn, lébìrà ní Párísì nígbà yẹn sì ń gba bíi livre kan sí kan àbọ̀ lóòjọ́, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Riesener wá fi awẹ́ igi kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i, àti 1769, àti Arsenal ní Párísì. Kò sórúkọ Oeben tó ro ó, tó mú un bẹ̀rẹ̀, tó ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣí i. Kò sórúkọ Duplessis tó ya àwòrán àwọn idẹ aláwọ̀ wúrà tó yí i ká, tàbí ti Forestier àti Hervieux tó rọ idẹ náà tó sì dán an. Aago tó wà lórí ẹ̀, Lépine tó ń ṣe aago ọba ló ṣe é, ojú méjì ló ní kéèyàn lè ríran wò ó níwájú àti lẹ́yìn. Gbogbo ayé mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ni, ó sì jẹ́ àṣà ìgbà yẹn pé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ló máa fọwọ́ sí i, mi ò bú Riesener. Oníṣẹ́ gidi ni, kódà ó ṣeé ṣe kí òdòdó ara ẹ̀ dára ju ti Oeben ì bá ṣe lọ, òdòdó Riesener máa ń dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a. Ẹjọ́ tí mo ń rò ni pé àwọn tó ń kọ̀wé nípa tábìlì yìí máa ń sọ pé Oeben bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Riesener parí ẹ̀, wọ́n á wá fi ìlà kan fo ọdún mẹ́rin tó wà láàárín, bíi pé tábìlì náà ń dá ara ẹ̀ tọ́jú nínú ọdún mẹ́rin yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn Riesener gòkè. Ní 1774 wọ́n fi í ṣe oníṣẹ́ igi ọba, láti ọdún yẹn títí di 1784 iṣẹ́ tó tà fún ààfin lé ní 900,000 livre. Ìyá Victoire kú ní 1776, kò rí gbogbo ẹ̀ tán. Nígbà tó yá àwọn tó ń mójú tó fọ́níṣọ̀ ọba ní owó ẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ fún Beneman, oníṣẹ́ igi mìíràn tó dínwó, Marie-Antoinette, ìyàwó Louis kẹrìndínlógún tó jọba lẹ́yìn Louis kẹẹ̀ẹ́dógún, nìkan ni ò fi í sílẹ̀, tiẹ̀ ló ń rà títí ọ̀tẹ̀ ńlá Faransé ti 1789 fi bẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀tẹ̀ yẹn ló wá sọ ọ̀rọ̀ tábìlì yìí di ẹ̀rín. Wọ́n lé ọba kúrò lórí oyè ní 1792, August 1793 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù Versailles ní gbàǹjo, ó lé ní 17,000 ìpín, ó gbà wọ́n tó ọdún kan. Riesener náà lọ sí gbàǹjo yẹn, ó ń ra iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ padà, ó lérò pé tí ìlú bá rọ̀ òun á tà á lówó gidi. Ìlú rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn olówó tuntun ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́, ọjà ń wọlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Tábìlì ọba ní tiẹ̀, ìjọba tuntun ò tà á. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí àmì ọba kúrò lára ẹ̀, ní 1794 wọ́n sì sanwó fún Riesener fúnra ẹ̀ kó wá yọ ọ́. Ó yọ àwọn àmì ọba, wọ́n fi àwo tánganran Sèvres dí ojú ibẹ̀. Òdòdó ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Orúkọ ọba tó sanwó kúrò, orúkọ Riesener ò kúrò, owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí tábìlì kan ṣoṣo. Ó kú ní 1806, kò lówó lọ́wọ́ mọ́, àbí ẹ̀yin náà rí i pé bí Oeben ṣe parí lòun náà parí.

Tábìlì náà wà ní Louvre, mùsíọ́mù ńlá Párísì, láti 1870, ní 1957 ló padà sí Versailles, yàrá tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ó wu àwọn olówó débi pé wọ́n ń sanwó kí wọ́n bá wọn ṣe irú ẹ̀, Ludwig kejì, ọba Bavaria, ní kí wọ́n ṣe é fún ààfin ẹ̀ ní Herrenchiemsee, Lord Hertford náà ṣe tiẹ̀, tiẹ̀ yẹn ló wà ní Wallace Collection, mùsíọ́mù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester Square ni, ẹ̀yìn Oxford Street, wọn kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo ẹ̀dà yẹn kẹ́ ẹ fi mọ bó ṣe tóbi tó, àmọ́ ẹ má pẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ Riesener gidi tó ṣe fún Marie-Antoinette wà nínú ilé kan náà, iṣẹ́ Leleu tó bínú lọ náà wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo etí àwọn ewé yẹn fínnífínní, ibi tó dúdú létí tó wá ń fẹ́rẹ́ wọnú, ibi tí yanrìn ti jó o nìyẹn.